Ọkàn Tí Kò Sinmi, àti Ìlò Èémí Láti Fi Mú Un Rọlẹ̀

Kò sí ẹni tí ó gbé Abẹ́òkúta pẹ́ tí kò mọ ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ kan. Bí ènìyàn bá ń dá sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà, tàbí tí ó san owó ọjà tán tí ó sì gbàgbé ẹrù sílẹ̀ lọ́wọ́ ọlọ́jà, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò bi í bóyá kí àwọn bá a wá ọkọ̀ Arò. Ẹ̀fẹ̀ náà ti pẹ́, ó sì dùn létí àwọn tí ara wọn le. Ṣùgbọ́n ó ti pa àwọn mìíràn lára, nítorí ó mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ẹni tí ó ti já ìgboro nìkan ni ilé ìwòsàn náà wà fún. Ẹni tí oorun ti dá lójú rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, tí àyà rẹ̀ ń já láìrí ohun tí ń lé e, tí ọkàn rẹ̀ ń sáré láti orí owó ilé ìwé ọmọ dé orí gbèsè, àti láti orí gbèsè dé orí ọ̀rọ̀ tí àna kan sọ ní ọjọ́ ìsìnkú, kì í gbà pé ọ̀ràn tirẹ̀ kan Arò rárá. Bẹ́ẹ̀ sì ni irú ọ̀ràn yìí gan-an wà lára ohun tí àwọn oníṣègùn Arò ti ń wádìí láti nǹkan bí àádọ́rin ọdún sẹ́yìn.

Ní ọdún 1944 ni ìjọba amúnisìn kọ́kọ́ ya ibì kan sọ́tọ̀ ní Láńtòrò, ní Abẹ́òkúta, fún àwọn ọmọ ogun tí wọ́n ti ojú ogun àgbáyé kejì bọ̀ pẹ̀lú àrùn ọpọlọ. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní 1954, ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Arò lábẹ́ Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ bíbí Abẹ́òkúta, ẹni tí a bí ní 1923, tí ó kàwé ní ilé ìwé gíga Baptist Boys' High School ní ìlú yìí kan náà kí ó tó lọ kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lambo kò fẹ́ kí a máa ti aláìsàn mọ́lé bí ẹlẹ́wọ̀n. Ó bá àwọn baálé abúlé tí ó yí Arò ká sọ̀rọ̀, wọ́n sì gbà kí àwọn aláìsàn wá máa gbé láàárín wọn. Ìlànà rẹ̀ ni pé aláìsàn gbọ́dọ̀ mú ẹbí kan ó kéré tán wá, ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò, tí yóò máa dáná fún un, tí yóò máa fọ aṣọ rẹ̀, tí yóò sì máa mú un lọ sí ilé ìwòsàn ní òwúrọ̀ àti padà sí abúlé. Ó tún bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní òkè òkun kò lè rò nígbà náà. Nígbà tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ láti ilẹ̀ Áfíríkà àti ibòmíràn péjọ fún àpérò wọn àkọ́kọ́ ní oṣù kọkànlá ọdún 1961, Abẹ́òkúta ni wọ́n wá.

Ní ìgbà náà ni Lambo àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Alexander Leighton ti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà kó àwọn òṣìṣẹ́ wọn jọ, tí wọ́n sì lọ bi àwọn ará abúlé àti ará ìlú ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá léèrè nípa ìlera ọkàn wọn. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1963 fi hàn pé irú àìsàn ọkàn tí a mọ̀ ní Amẹ́ríkà ni a bá láàárín àwọn àgbẹ̀ Ẹ̀gbá pẹ̀lú. Èyí yẹ kí ó pa àwọn tí ń sọ pé àìsàn aláwọ̀ funfun ni àníyàn lẹ́nu mọ́. Èdè wa fúnra rẹ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn tí wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan tí ó ń jẹ́ àròkàn, tí í ṣe ìrònú tí ènìyàn ń rò títí tí yóò fi di ẹkún, kò lè sọ pé àwọn kò mọ àìsàn náà rí.

Ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ fara hàn lára wọn gbangba. Raymond Prince, oníṣègùn ọpọlọ láti ilẹ̀ Kánádà tí ó ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà ní ìparí àwọn ọdún 1950, ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọ ilé ìwé gíga ń wá pẹ̀lú ẹ̀sùn kan náà. Wọ́n ní orí ń gbóná àwọn, tàbí pé nǹkan ń rìn nínú rẹ̀ bí èèrà. Ọrùn ń ro wọ́n. Bí wọ́n bá ṣí ìwé, ojú yóò máa ṣú tàbí kí omi máa dà lójú wọn. Wọn yóò ka ojú ewé kan nígbà mẹ́ta, kò ní yé wọn. Ohun tí wọ́n kà lánàá ti fò lọ. Orúkọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn fún un ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni "brain fag", èyí tí a lè pè ní àárẹ̀ ọpọlọ. Prince kọ ọ́ sínú ìwé àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1960, orúkọ náà sì tàn kálẹ̀ ayé.

Kí ni ó fà á? Prince wo ilé tí àwọn ọmọ náà ti wá. Gbogbo ẹbí ni ó dá owó ilé ìwé ọmọ kan ṣoṣo. Ìyá ta aṣọ, ẹ̀gbọ́n fi ilé ìwé sílẹ̀, bàbá yá owó. Nígbà tí ọmọ náà bá sì jókòó ti ìwé lóru, òun nìkan ni. Nínú oko, ọwọ́ púpọ̀ ni a fi ń gbé iṣẹ́ ńlá. Nínú gbọ̀ngàn ìdánwò kò sí ẹni tí yóò bá a gbé e. Ní 1980, Ọ̀jọ̀gbọ́n Morakinyo ti Yunifásítì Ifẹ̀ fi ohun mìíràn kún un. Ó ní ìfẹ́ láti ṣe àṣeyọrí ni ó ń mú kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí máa lo ohun tí ń lé oorun lọ kí wọ́n lè kàwé mọ́jú, àìsùn náà sì ni ó ń padà wá jà wọ́n níyà. Ẹni tí ó bá mọ iye obì àti kọfí tí ń lọ lọ́wọ́ àwọn ọmọ tí ń múra ìdánwò WAEC àti JAMB kò ní bá a jiyàn.

Àwọn tí kò mọ̀wé náà ní tiwọn. Ní 1987, Ọ̀jọ̀gbọ́n Makanjuola, tí òun náà wà ní Ifẹ̀, kọ̀wé nípa èyí tí àwọn Yorùbá ń pè ní ọdẹ orí: kí nǹkan máa rìn lórí ènìyàn, kí etí máa hó, kí àyà máa lù kìkì, kí oorun má sì wá. Àwọn aláìsàn a máa sọ pé kòkòrò ni ó wọ orí wọn. Àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi àárẹ̀ ọpọlọ sí inú ìwé atọ́nà wọn ní 1994, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò nínú èyí tí wọ́n tẹ̀ ní 2013, nítorí pé ọ̀pọ̀ ti ń wò ó pé àníyàn àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tí gbogbo ayé mọ̀ ni, aṣọ ibòmíràn ni ó wọ̀. Àríyànjiyàn àwọn ọ̀mọ̀wé ni èyí. Ẹni tí orí rẹ̀ ń gbóná kò bìkítà nípa orúkọ. Ohun tí yóò mú kí orí náà tutù ni ó ń wá.

Àwọn àgbà ti sọ pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni pé kí ọmọ fi ìwé sílẹ̀ kọ́ ni oògùn àárẹ̀ ọpọlọ, tàbí kí ọlọ́jà fi ọjà sílẹ̀ kí àròkàn tó lè kúrò. Oorun ni ó ṣáájú gbogbo ìtọ́jú: ọmọ tí ó sùn fún wákàtí méje tàbí mẹ́jọ tí ó sì kàwé fún wákàtí mẹ́ta yóò ju ẹni tí ó kàwé mọ́jú lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń dùbúlẹ̀ tí oorun kò wá, nítorí pé ara ti dùbúlẹ̀, ọkàn sì wà ní ìdúró. Fún irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà kan wà tí kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, tí àwọn ilé ìwòsàn ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè sì ti ń kọ́ àwọn aláìsàn.

Inú ẹ̀sìn Búdà ní ilẹ̀ Éṣíà ni ọ̀nà náà ti ṣẹ̀ ní ayé àtijọ́. Ní 1979, Jon Kabat-Zinn, ọ̀mọ̀wé kan ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Yunifásítì Massachusetts ní Amẹ́ríkà, mú un kúrò nínú ọ̀ràn ẹ̀sìn, ó sì ṣètò rẹ̀ fún àwọn aláìsàn tí ìrora wọn kò gbóògùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni ẹ̀kọ́ náà gbà. Kókó rẹ̀ kò ju èyí lọ: kí ènìyàn fi ọkàn sí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní ìṣẹ́jú tí ó wà nínú rẹ̀, láìbá a jà àti láìdá a lẹ́jọ́, kí ó sì máa dá ọkàn náà padà nígbàkígbà tí ó bá sá lọ.

Àwọn kan ti ń pè é ní àṣàrò, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a ṣọ́ra pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí ó ń ṣe àṣàrò ń ro ọ̀rọ̀ kan láti òkè dé ilẹ̀. Ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, ó lè jẹ́ ọ̀ràn ilé. Ẹni tí ó ń ṣe èyí tí a ń wí kò ro ohunkóhun. Ó ń wo èémí rẹ̀ bí olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà ṣe ń wo àwọn tí ń wọlé àti àwọn tí ń jáde. Bí ẹni tí ó ti ń ro ìrònú jù bá tún lọ ń ṣe àṣàrò lórí gbèsè rẹ̀, igi ni ó ń fi sí iná.

Bí a ti ń ṣe é nìyí. Kí ènìyàn jókòó sí orí àga tàbí ẹní, kí ó na ẹ̀yìn rẹ̀ ṣùgbọ́n kí ó má le koko, kí àtẹ́lẹsẹ̀ kan ilẹ̀ bí ó bá wà lórí àga, kí ọwọ́ sinmi lórí itan. Kí ó pa ojú dé, tàbí kí ó tẹ ojú mọ́ ilẹ̀ níwájú rẹ̀. Kí ó jẹ́ kí èémí máa lọ kí ó sì máa bọ̀ bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Kò sí ìdí láti fà á tàbí láti sé e. Kí ó wá ibi tí ó ti ń mọ̀ ọ́n lára jù lọ, bóyá ihò imú níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń tutù bí ó ti ń wọlé, bóyá ikùn tí ń wú tí ó sì ń fọn, kí ó sì fi ọkàn síbẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè máa kà á: èémí kan jáde, oókan, òmíràn jáde, eéjì, títí dé ẹẹ́wàá, kí ó tún bẹ̀rẹ̀.

Kò ní pẹ́ kí ó tó kà dé ẹẹ́rin tí ọkàn yóò fi ti lọ. Yóò kàn rí i pé òun ti ń bá onílé jà lórí owó ilé, nínú ọkàn. Ibi yìí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń sọ pé àwọn kò lè ṣe é, wọn yóò sì dìde. Àṣìṣe ni. Ọkàn kò lè ṣe kí ó má sá lọ. Mímọ̀ tí a mọ̀ pé ó ti lọ, àti pípadà, ni iṣẹ́ náà gan-an. Kí ó sọ fún ara rẹ̀ jẹ́jẹ́ pé, "Ìrònú ni," kí ó sì padà sí orí oókan láìbú ara rẹ̀. Bí ó bá sá lọ nígbà ogún, kí ó padà nígbà ogún. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà kí ó di mẹ́wàá, kí ó di ogún fún ẹni tí ó bá ráyè. Ìdájí, kí ilé tó jí, dára. Fún akẹ́kọ̀ọ́, ìṣẹ́jú márùn-ún kí ó tó ṣí ìwé dára jù.

Àwọn kan yóò wí pé ibo ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wà, nínú ilé onílé púpọ̀ ní Lafenwa tàbí Ìtòkú, tí jẹnẹrétọ̀ kan ń dún ní iwájú, tí òmíràn ń dáhùn ní ẹ̀yìn. A kò nílò ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ariwo náà kàn jẹ́ ohun mìíràn tí etí gbọ́: kí ó gbọ́ ọ, kí ó jẹ́ kí ó kọjá, kí ó padà sí orí èémí. Ẹni tí ó kọ́ ọ nínú ariwo yóò lè lò ó nínú ọkọ̀ èrò àti ní ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìdánwò.

Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá rò pé ohun àjèjì pátápátá ni. Kí ó lọ wo àwọn obìnrin tí wọ́n ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n fi ń ya ọnà, pẹ̀lú ẹ̀kọ láfún, kí aṣọ tó wọ inú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá kàn ni aró kò ní gbà. Bí ọkàn aládìrẹ bá sá lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó jẹ ẹ́ lówó, ìlà yóò wọ́, aró yóò sì tú àṣírí rẹ̀. Nítorí náà, ojú rẹ̀ wà lára ìyẹ́, ọwọ́ rẹ̀ wà lára ìyẹ́, ọkàn rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Bí ó bá sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan, yóò dìde pẹ̀lú ẹ̀yìn tí ń ro ó àti ọkàn tí ó fúyẹ́. Ìyàtọ̀ tí ó wà ni pé ẹni tí ó jókòó ti èémí rẹ̀ kò ní aṣọ kankan láti tà lẹ́yìn náà.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara kì í ṣe awo. Bí ènìyàn bá rí ejò, ọpọlọ yóò pàṣẹ: ọkàn-àyà yóò sáré, èémí yóò kúrú, iṣan ọrùn àti èjìká yóò le, kí ẹsẹ̀ lè sá. Bí ejò bá lọ, gbogbo rẹ̀ yóò rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n gbèsè kì í lọ bí ejò, ìdánwò kò sì ṣeé fi igi pa. Bí ènìyàn bá ti ń rò wọ́n ni ara ń rò pé ejò wà níbẹ̀, yóò sì wà ní ìmúra láti àárọ̀ di alẹ́. Ọ̀nà púpọ̀ ni ọrùn ríro, orí gbígbóná àti àyà jíjá fi ń ti ibẹ̀ wá. Nígbà tí ènìyàn bá jókòó jẹ́jẹ́, èémí rẹ̀ yóò gùn fúnra rẹ̀, pàápàá èyí tí ń jáde. Iṣan kan tí ó ti inú ọpọlọ sọ̀kalẹ̀ dé ọkàn-àyà àti ikùn yóò sì mú kí ọkàn-àyà dẹ ìṣísẹ̀ rẹ̀. Àǹfààní kejì ni pé ẹni tí ó ti kọ́ láti rí ìrònú bí ìrònú kò ní máa tẹ̀lé gbogbo èyí tí ó bá kọjá.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín bí oògùn gbogboǹṣe. Ní 2014, àwọn oníwádìí ní Amẹ́ríkà kó ìwádìí 47 jọ, tí àwọn ènìyàn 3,515 wà nínú wọn. Wọ́n rí i pé irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ ń dín àníyàn àti ìrẹ̀wẹ̀sì kù díẹ̀ dé ìwọ̀n kan. Wọn kò rí ẹ̀rí pé ó dára ju oògùn tàbí eré ìdárayá lọ. Ní 2022, ìwádìí mìíràn tí ó gba ènìyàn 276 tí àníyàn ń dà láàmú fi ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ náà wé oògùn kan tí àwọn oníṣègùn sábà máa ń fún ni, àwọn méjèèjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe déédé. Èyí kì í ṣe ohun kékeré fún ohun tí a kò fi owó rà, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni àwọn tí ó jẹ àǹfààní rẹ̀ ń ṣe é.

Ní ti ẹ̀sìn, ìlú tí mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì àti ojúbọ wà lójú pópó kan náà ni Abẹ́òkúta, ó sì yẹ kí ènìyàn béèrè ohun tí òun ń ṣe. Kò sí ẹni tí a ń ké pè nínú ìjókòó yìí, kò sì sí ọ̀rọ̀ kan tí a ń pè. Mùsùlùmí tí ó fi tẹ̀sùbáà ṣe ìrántí Ọlọ́run lẹ́yìn ìrun, àti Krìstẹ́nì tí ó dákẹ́ lẹ́yìn àdúrà, mọ apá kan nínú rẹ̀ ná. Kò gba ipò àdúrà. Bẹ́ẹ̀ ni àdúrà kò dí i lọ́wọ́.

Ó kù ibi tí ó yẹ kí a ti sọ̀rọ̀ gidi. Fún àwọn ènìyàn kan, ìjókòó bẹ́ẹ̀ a máa mú kí ọ̀ràn burú sí i. Ẹni tí ó ti fojú rí ohun ẹ̀rù, bí ìjàǹbá ọkọ̀ tàbí ìkọlù, lè rí i pé ohun náà padà dé bí ojú bá ti pa dé. Kí ó ya ojú, kí ó dìde, kí ó rìn, kí ó má fi agbára ṣe é. Ẹni tí ń gbọ́ ohùn tí àwọn yòókù kò gbọ́, tàbí tí ó ti ń lo oògùn ọpọlọ, kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láìsọ fún oníṣègùn rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ tìtorí rẹ̀ fi oògùn sílẹ̀. Ẹni tí ó bá sì ti ń rò pé ikú sàn ju kí òun wà láàyè kò gbọdọ̀ jókòó ti èémí rẹ̀ ní òun nìkan. Kí ó sọ fún ẹnì kan ní ọjọ́ náà gan-an, kí ẹni náà sì bá a lọ sí ilé ìwòsàn láìdúró de ọjọ́ kejì.

Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, ti rọ́pò òfin wèrè tí ìjọba amúnisìn fi sílẹ̀, ó sì fún aláìsàn ọpọlọ ní ẹ̀tọ́ tí kò ní tẹ́lẹ̀. Ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, láti 2011 ni Arò ti bẹ̀rẹ̀ ètò láti kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní àwọn ilé ìlera alábọ́ọ́dé bí wọn yóò ṣe mọ àwọn àìsàn ọkàn tí ó wọ́pọ̀, tí wọn yóò sì tọ́jú wọn. Ẹni tí ẹnu ọ̀nà Arò bá ń bà lẹ́rù lè kọ́kọ́ béèrè ní ilé ìlera àdúgbò rẹ̀. Nígbà tí ó bá ń lọ, kí ó mú gbogbo oògùn tí ó ti ń lò dání, kí ó sọ ti àgbo àti agúnmu pẹ̀lú, kí ó sì fi ọ̀sẹ̀ kan kọ iye wákàtí tí ó ń sùn lóru kọ̀ọ̀kan sínú ìwé kékeré, nítorí oníṣègùn yóò béèrè. Bí ìyá tàbí àbúrò bá lè bá a lọ, kí ó jẹ́ kí ó bá a lọ, gẹ́gẹ́ bí Lambo ti máa ń béèrè ní 1954.